Bí a ṣe ń ya àwòrán ìgbì spin nínú fíìmù òòfà: ìtọ́sọ́nà láti orí tábìlì ní Ìbàdàn dé iwájú X-ray

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà tàbí PhD ní Ìbàdàn, tó ń ṣe físíìsì tàbí ìmọ̀ nípa irin, tó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìgbì spin bó ṣe ń rìn. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà kò sí ní Nàìjíríà. Kò tiẹ̀ sí synchrotron, ìyẹn ẹ̀rọ olórùka ńlá tó ń bí X-ray, kankan ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, orí tábìlì ni a ti ń parí rẹ̀, kí a tó wọ ọkọ̀ òfúrufú rárá. Ẹni tó bá dé iwájú ẹ̀rọ láìtíì mọ fíríkúẹ́ǹsì tó máa lò, wákàtí tí wọ́n fún un á bá ìṣirò lọ, àwòrán ò ní sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rí

Nínú irin olóòfà, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní òòfà kékeré tirẹ̀, tí à ń pè ní spin, gbogbo wọn á sì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Bí a bá ta ọ̀kan jí, kò ní dá jí. Á máa yí orí rẹ̀ po, á ta èyí tó kàn án jí, ìyẹn náà á ta òmíràn jí. Ìyípo tó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì yìí ni ìgbì spin. Felix Bloch ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1930. Lónìí àwọn onímọ̀ ń lé e kiri nítorí pé ó lè gbé ìròyìn láti ibì kan dé ibòmíràn láìsí pé iná mànàmáná ń ṣàn. Níbi tí iná ò bá ti ṣàn, ooru tí ìṣàn iná máa ń fà kò ní sí.

Ìgbì yìí máa ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn GHz, gígùn rẹ̀ sì lè jẹ́ máíkírómítà mélòó kan tàbí kó kéré ju 100 nm lọ. Máíkíróskóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ojúlásán kì í lè rí ohun tó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ bá X-ray. X-ray tí agbára rẹ̀ jẹ́ 708 eV, gígùn ìgbì tirẹ̀ kò ju 1.75 nm lọ.

Ìdí kejì tún wà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1987, Gisela Schütz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irin máa ń gba X-ray tó ń yí sí ọ̀tún mu ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ sí èyí tó ń yí sí òsì, gẹ́gẹ́ bí òòfà inú irin náà bá ṣe kọjú. Wọ́n ń pè é ní XMCD. Nítorí náà, bí òòfà inú fíìmù bá tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà tí X-ray ń gbà kọjá, iye fótóònù tó máa yọ lódìkejì á yí padà, a ó sì kà á. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan sì ní agbára tó ń gbà mu jù: iron wà ní nǹkan bí 707 sí 708 eV, cobalt ní 778 eV, nickel ní nǹkan bí 852 eV. Bí fíìmù yín bá ní iron àti cobalt pọ̀, ẹ lè bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fíìmù àti awọ tó máa gbé e

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú Permalloy, ìyẹn nickel ìdá 80 àti iron ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó nípọn tó 50 nm. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé YIG (yttrium iron garnet) ló dára jù, torí ìgbì máa ń rìn jìnnà gan-an nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí òkúta GGG (gadolinium gallium garnet) ni wọ́n ti ń hu YIG, X-ray tí à ń sọ yìí kò sì lè gba inú òkúta yẹn kọjá àfi tí a bá ha á láti ẹ̀yìn títí á fi tín-ín-rín gidi. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

X-ray gbọ́dọ̀ gba inú fíìmù kọjá, torí náà a kì í gbé e lé gíláàsì tàbí silicon tó nípọn. Orí awọ silicon nitride tó nípọn tó 100 sí 200 nm la máa ń gbé e lé. Awọ yìí nà bo fèrèsé kékeré kan láàárín férémù silicon, fèrèsé náà kì í sábà ju mílímítà kan lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi aluminium bíi 5 nm bo orí Permalloy kí afẹ́fẹ́ má bàa jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá máa ṣí àpótí rẹ̀, ẹ ṣí i sórí tábìlì, ẹ má ṣe é lórí ìdúró. Férémù ni kí ẹ fi ẹ̀mú dì mú, ní igun, kí ẹnu ẹ̀mú má kan àárín láé. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ lábẹ́ gílóòbù: awọ tó pé á dán, àwọ̀ rẹ̀ á sì dọ́gba láti etí dé etí. Bí àwọ̀ náà bá hunjọ tàbí tí ibì kan bá ṣókùnkùn láàárín, ó ti ya nìyẹn. Eruku tó bá bà lé e, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ̀mí lásán ti tó láti fà á ya. Nígbà ọyẹ́ ní Ìbàdàn, tí aṣọ máa ń ta pàrà lára èèyàn, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tó ní wáyà ilẹ̀ kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Títa pàrà yẹn lè jó áńtẹ́nà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: áńtẹ́nà

Okùn wúrà tàbí bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó fẹ̀ tó 1 sí 2 µm, tó nípọn tó nǹkan bí 200 nm, pẹ̀lú chromium díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kó lè lẹ̀. Microwave, ìyẹn iná mànàmáná tó ń yí ní GHz, máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, pápá òòfà rẹ̀ á sì ta spin jí. Bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ ìgbì tó lè bí: áńtẹ́nà tó fẹ̀ tó 2 µm kì í lè bí ìgbì 300 nm dáadáa.

Pápá òòfà tí ẹ máa fi dè fíìmù, ẹ jẹ́ kó kọjú sí ibi tí gígùn áńtẹ́nà kọjú sí. Ìgbì á wá máa rìn kúrò lára áńtẹ́nà ní ìdábùú pápá náà. Wọ́n ń pe irú ìtò yìí ní Damon-Eshbach, òun ló sì rọrùn jù láti rí. Bí ẹ bá yí pápá náà sí ìdábùú áńtẹ́nà, pápá òòfà microwave á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú spin, kò sì ní lè tì wọ́n dáadáa.

Kí ẹ tó di ẹrù, ẹ fi mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò wọn ohm áńtẹ́nà náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó ga jù lójú mítà, torí iná tó ń gbà jáde níbẹ̀ ló kéré jù. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀hún tó sì ti yí padà gidigidi, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ gbé ẹ̀dà fíìmù mẹ́ta ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìṣirò, níbí ni kí ẹ ti pẹ́

Ẹ fi mumax3 ṣe é. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni, àwọn onímọ̀ ní Ghent ní Belgium ló kọ ọ́. Ó nílò káàdì NVIDIA, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní lè lò ó lórí Google Colab. Iye tí ẹ máa fi sí i fún Permalloy rèé: Msat (bí òòfà fíìmù ṣe lágbára tó) 800,000 A/m, Aex (bí spin ṣe ń di ara wọn mú) 13 pJ/m, alpha (bí ìgbì ṣe ń yára kú) 0.008. Ẹ jẹ́ kí àpótí ìṣirò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 nm tàbí kó kéré sí i, torí ìwọ̀n tí spin fi ń di ara wọn mú nínú Permalloy kò ju bíi 5.7 nm lọ. Ẹ pàṣẹ fún un kó máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Agbowó tí inverter ò sì gbé e, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ fi ọwọ́ ṣírò ìlà tó so fíríkúẹ́ǹsì mọ́ gígùn ìgbì. Mo ṣe tiwa níbí kí ẹ lè fi wé tiyín. Fún Permalloy 50 nm nínú pápá 20 mT, gbogbo fíìmù á jọ yí pọ̀ ní 4.0 GHz. Ìgbì tó gùn tó 5 µm á wà ní 6.3 GHz. Èyí tó gùn tó 1 µm á wà ní 10.4 GHz. Lábẹ́ 4.0 GHz, ẹ ò ní rí ohunkóhun nínú ìtò yìí bó ti wù kí ẹ pẹ́ tó. Ẹ tún ṣírò bí ìgbì á ṣe jìnnà tó kó tó kú: nínú àpẹẹrẹ yìí, ìgbì 5 µm á rìn tó nǹkan bí 10 µm kó tó rẹ̀. Ẹni tó bá ní ká lọ wo ibi tó jìnnà sí áńtẹ́nà ní 40 µm, fíìmù tó dákẹ́ ló máa yà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fíríkúẹ́ǹsì tó bá òrùka mu

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

X-ray inú synchrotron kì í tàn gbere. Ẹ̀lẹ́kitirọ́ọ̀nù ń sáré yí òrùka po ní ìdì-ìdì, ìdì kọ̀ọ̀kan á sì ta X-ray fẹ̀ẹ́ bó ṣe ń kọjá. Ní BESSY II, synchrotron kan ní Berlin, òrùka náà tó 240 mítà yíká, àyè 400 ló wà fún ìdì, 2 ns ló sì wà láàárín ìdì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìtànṣán kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ ju bíi 30 sí 50 ps lọ. Ẹ ti rí fáànù òkè àjà rí lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú, tó dà bíi pé abẹ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ohun tí à ń ṣe sí ìgbì spin gan-an nìyẹn.

Ìdì kan ní 2 ns kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 MHz. Fíríkúẹ́ǹsì tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ 500 MHz lọ́nà M, kí ẹ pín in sí N; nọ́ńbà odidi ni méjèèjì. N ni iye àwòrán tí ẹ máa rí nínú ìyípo kan. Ká mú N ní 7, M ní 88: ó jẹ́ 6.2857 GHz, ó sún mọ́ ìgbì 5 µm wa dáadáa. Láàárín 2 ns, ìgbì á yí po lẹ́ẹ̀méjìlá, á tún fi ìdá mẹ́rin nínú méje lé e. Ìdì tó tẹ̀ lé e á bá a níbòmíràn. Lẹ́yìn ìdì méje, gbogbo ipò méje náà á ti pé, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tò wọ́n, 23 ps ni àlàfo àwòrán kan sí èkejì.

M àti N kò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kankan tó lè pín àwọn méjèèjì. Èyí tí wọn kì í sábà sọ fún àlejò ni pé N kò tún gbọ́dọ̀ bá 400 pín. Bí ẹ bá mú N ní 5 tàbí 8, àwọn ìdì kan náà ni yóò máa bọ́ sínú àpò kan náà (àpò ni ibi tí ẹ̀rọ ń ka fótóònù ipò kọ̀ọ̀kan sí) títí ayé. Ìdì wọ̀nyí kò sì dọ́gba: àwọn kan kún, àwọn kan ṣófo. Ẹ ó wá rí ohun tó ń ṣẹ́jú nínú fídíò yín, ẹ ó rò pé ìgbì ni, kò sì ju àìdọ́gba òrùka lọ. Ẹ mú 7, 11 tàbí 13. Ẹ tún béèrè iye gidi tí òrùka ń lò, torí ó sún mọ́ 500 MHz ni, kò pé bẹ́ẹ̀ géérégé. Ẹ̀rọ tó ń bu microwave jáde gbọ́dọ̀ so mọ́ aago òrùka náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé ìbéèrè àti ìrìnàjò

Máíkíróskóòpù tí mo ní lọ́kàn ni MAXYMUS tó wà ní BESSY II. Lílò rẹ̀ ò gba owó fún ìwádìí tí a máa tẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìdíje ni. Ẹ kọ sí onímọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀rọ kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ sọ irú fíìmù yín, ẹ fi ìlà ìṣirò ìgbésẹ̀ kẹta sí i. Ìwé tó bá ti ní ìlà yẹn nínú máa ń fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tó ń lọ. Bí kò bá sí ibi tí ẹ ti lè ṣe áńtẹ́nà nítòsí, ẹ wá alábàáṣiṣẹ́ tó ní ohun èlò náà, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà pẹ̀lú yín. Ètò LAAAMP, tí IUPAP (ẹgbẹ́ físíìsì àgbáyé) àti IUCr (ẹgbẹ́ onímọ̀ kírísítálì àgbáyé) jọ dá sílẹ̀, wà fún ríran àwọn tó wá láti Áfíríkà lọ́wọ́ láti dé irú ilé iṣẹ́ báyìí. Fún físà, gbàrà tí lẹ́tà ìpè bá ti dé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: níwájú máíkíróskóòpù

Ohun tó ń kó X-ray jọ sójú kan ni zone plate, àwo bíńtín tí wọ́n fín òrùka mọ́ òrùka sí. Ojú ibi tó kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí kì í ju bíi 20 sí 30 nm lọ. Fíìmù ló ń rìn síwá sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀, píksẹ́lì kan lẹ́yìn òmíràn, ẹ̀rọ lódìkejì sì ń ka fótóònù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí áńtẹ́nà. Wúrà máa ń ṣókùnkùn gan-an nínú X-ray, ẹ fi etí rẹ̀ tún ojú ẹ̀rọ ṣe títí ó fi mú. Etí yẹn náà lẹ máa fi mọ̀ bí fíìmù bá sún láàárín òru. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí agbára láti 700 dé 715 eV, kí ẹ wá ibi tí iron ti ń gbà mu jù. Bí X-ray bá wọlé gbọọrọ sí ojú fíìmù, apá òòfà tó ń yọrí sókè sódò nìkan lẹ máa rí, ìyẹn sì tó fún ìgbì.

Ẹ fi microwave díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bíi 0 dBm, ìyẹn mílíwáàtì kan. Ya àwòrán kan, ẹ fi kún agbára náà, ẹ tún yà. Bí gíga ìgbì kò bá pọ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ẹ ti ti spin kọjá ààlà, ìlà ìṣirò yín ò sì bá a mu mọ́.

Ní ti àkókò, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Àyípadà tí ẹ ń wá lè jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó kéré sí i. Kí ariwo tó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, fótóònù mílíọ̀nù kan ló gbọ́dọ̀ wọ àpò kọ̀ọ̀kan. Àyè 5 µm lọ́nà 5 µm pẹ̀lú píksẹ́lì 100 nm jẹ́ píksẹ́lì 2,500. Bí fótóònù mílíọ̀nù 10 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ sì dúró fún 200 ms lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 290,000 ló máa bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àpò méje, ariwo á sì wà ní ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwòrán náà á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Èyí ti tó láti mọ̀ bóyá ìgbì wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ wá dúró pẹ́.

Kí ẹ tó gbà pé ìgbì ni

Mo gbà yín níyànjú gidigidi, ẹ má fo apá yìí, bí oorun ti wù kó máa kùn yín tó. Microwave lè bá wáyà wọ inú ẹ̀rọ tó ń ka fótóònù, kó sì ya ohun tó jọ ìgbì. Ẹ pa microwave: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parẹ́. Ẹ tan án padà, ẹ gbé agbára X-ray kúrò lórí iron lọ sí 695 eV: ó gbọ́dọ̀ tún parẹ́, torí ìgbì tó wà nínú òòfà kò ní ohun tó fẹ́ fi hàn níbẹ̀. Bí nǹkan bá ṣì ń ṣẹ́jú, kì í ṣe spin. Ẹ padà sórí iron, ẹ yí X-ray láti ọ̀tún sí òsì: ibi tó funfun gbọ́dọ̀ dúdú, ibi tó dúdú gbọ́dọ̀ funfun. Ìdánwò kẹta yìí ni èmi ń gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí kò sí wáyà tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú X-ray.

Ìgbésẹ̀ keje: sísọ iye di àwòrán

Fáìlì rẹ̀ kéré. Píksẹ́lì 2,500 lọ́nà méje kò ju nọ́ńbà 17,500 lọ, láptọ́ọ̀pù èyíkéyìí tó ní Python lè ṣe é. Ẹ fi ìpíndọ́gba àwòrán méjèèje pín àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ojú áńtẹ́nà àti eruku lè lọ, kó ku ohun tó ń yí nìkan. Ẹ tò wọ́n bí ipò wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kì í ṣe bí ẹ̀rọ ṣe kà wọ́n. Ẹ ṣe ìṣirò Fourier lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: ó máa fún yín ní gíga ìgbì níbẹ̀ àti ipò tó wà nínú ìyípo rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ kun ipò, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ náà kun gíga. Tó bá jẹ́ ìgbì tó ń rìn, àwọ̀ á máa tẹ̀ lé ara wọn bí ẹ bá ṣe ń jìnnà sí áńtẹ́nà. Tó bá jẹ́ ìgbì tó kọlu etí fíìmù tó sì ń padà, ẹ ó rí àmì tó dúró sójú kan, pẹ̀lú ibi tó kú pátápátá láàárín.

Ẹ wọn gígùn ìgbì fún fíríkúẹ́ǹsì mélòó kan, kí ẹ fi àmì sí wọn lórí ìlà tí ẹ ti fà ní Ìbàdàn. Bí àwọn àmì bá kúrò lórí ìlà láti ibi ìgbì tó gùn jù lọ, pápá òòfà tàbí Msat ni kí ẹ tún wò. Bí wọ́n bá bá ìlà mu níbi ìgbì gígùn tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbì ṣe ń kúrú, ìnípọn fíìmù ni. Bí fíìmù bá jẹ́ 45 nm dípò 50 nm, ìgbì 1 µm á bọ́ láti 10.4 sí 10.1 GHz, ṣùgbọ́n 4.0 GHz ti ìsàlẹ̀ kò ní kúrò lójú kan.